Ṣẹ́ẹ̀tì Mẹ́rin, Ojú Kan

Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún ìyá arúgbó pé kó gbé àgbọ̀n sókè tí kò fi ní bínú, mo sì mọ ẹni tó máa ṣẹ́jú kó tó ṣẹ́jú. Ẹ wá sọ fún mi ìdí tí nọ́ọ̀sì tí kò mọ ojú kámẹ́rà yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀ á fi máa kọ́ mi ní fọ́tò.

Ọtí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyàwó mi ti kó lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wa obìnrin, ó ní àfi tí mo bá gba ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa ya ara mi láràárọ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Mi ò gbọdọ̀ tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà, mi ò sì gbọdọ̀ ju èyí tó bá burú nù. Tó bá pé, èmi, òun àti ìyàwó mi á jọ wò ó. Tó bá tẹ́ ìyàwó mi lọ́rùn, wọ́n á padà wálé.

"Ẹ máa wo ara yín bí ẹ ṣe ń wo oníbàárà," ó ní.

Inú bí mi. Oníbàárà máa ń lọ tí mo bá yà á tán. Èmi yìí ń lọ síbo?

Síbẹ̀, mo ta aṣọ funfun sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, mo gbé kámẹ́rà lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo sáré lọ jókòó síwájú rẹ̀. Ojú tí mo rí lọ́jọ́ kìíní, tó bá jẹ́ ti oníbàárà ni, màá ní kó lọ sùn kó padà wá lọ́la. Ìpéǹpéjú wú, ètè gbẹ. Mo kórìíra ọkùnrin náà. Láti ọjọ́ kẹta ni mi ò ti wò ó mọ́. Màá kàn tẹ̀ ẹ́ jáde, màá kọ ọjọ́ sẹ́yìn rẹ̀, màá sọ ọ́ sínú àpòòwé.

Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, mo mutí. Kò sí ẹni tó kú, kò sí ẹni tó bú mi. Mo kàn ti ṣọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ mi sì mọ ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi ya nǹkan kan.

Nígbà tí ọtí dá lójú mi lọ́jọ́ kẹrin, ọgbọ́n àgbọ́njù bá bẹ̀rẹ̀. Mo fá irùngbọ̀n, mo kó ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin wá láti ilé, mo ya ọjọ́ mẹ́rin láàárín wákàtí kan. Mo ń yí iná padà, mo tiẹ̀ jẹ́ kí kọ́là ọ̀kan wọ́. Ta ló fẹ́ ká irú mi mọ́ ọn?

Ọjọ́ pé. Nọ́ọ̀sì tò wọ́n sórí tábìlì. Ìyàwó mi ń fi ìka tẹ̀lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan àwọn mẹ́rin yẹn.

"Abẹ gé yín lágbọ̀n lọ́jọ́ kẹtàdínlógún," ó ní. "Lọ́jọ́ kejìdínlógún, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Lọ́jọ́ ogún, ó ṣì tutù. Ẹ̀jẹ̀ wo nìyẹn?"

Mo wò ó. Òótọ́ ni. Èmi tí mo ń rí fọ́nrán òwú lára kọ́là oníbàárà, mi ò rí ẹ̀jẹ̀ lágbọ̀n ara mi.

"Ṣé torí ojú abẹ kékeré lẹ ṣe fẹ́ da gbogbo wàhálà mi nù?" Mo ti ń pariwo.

"Mo mọ̀ pé ẹ lè mutí," ìyàwó mi ní. "Ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Ká ní ẹ wo fọ́tò yìí lẹ́ẹ̀kan péré ni, ẹ ò bá ti rí i. Ẹ ò tiẹ̀ wo ara yín."

Mo wo ojú nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ò gbè mí, kò sì bá mi wí.

"Ọmọ yín wà níta," ìyàwó mi tún ní. "Àná ló ti di ẹrù rẹ̀. Ẹ lọ sọ fún un fúnra yín."

Mo jáde. Ọmọ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀.

"Dádì, ṣé a ti ń lọ?"

"Rárá. Mo mutí, mo sì parọ́ pé mi ò mu."

Ó wò mí lójú títí. Ó ń ṣe mí bíi kí n wo ilẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò wo ilẹ̀.

"Ọjọ́ mélòó ló wá kù?" ó bi mí.

"Ọgbọ̀n," mo ní.