Òróró Àdúrà Lára Àga Alàgbà

Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni Mofolúwakẹ́ kọ́kọ́ mú jáde nínú báàgì rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ àga onítìmùtìmù tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ó sì ń gbọn eruku ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àga fífọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Láti Ìkìrun ló ti wá sí Ìnísà láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Mo ti fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́," Màmá Ẹ̀bùn tó ni ilé wí. "Ńṣe ni àbàwọ́n òróró náà tún fẹ̀ sí i."

"Omi ló tì í kiri, Màmá. Òróró kì í bá omi rẹ́."

Àga Alàgbà Olúbọ̀dé, ọkọ màmá náà, ni. Nígbà tí ẹsẹ̀ dá Alàgbà dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn, Wòlíì ìjọ wọn wá sílé, ó da òróró sí ibi tí Alàgbà máa ń fẹ̀yìn tì, ó ní ẹni tó ni àga náà yóò padà wá jókòó síbẹ̀. Láti ìgbà náà títí di àná tó fẹ́ fọ eruku kúrò lára rẹ̀, Màmá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kàn án. Eruku wá lẹ̀ mọ́ òróró, ibẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Lọ́la ni Alàgbà ń bọ̀ nílé, àwọn ará ìjọ sì ń bọ̀ wá bá a dúpẹ́. Aládùúrà ni wọ́n. Sùtánà funfun ni Alàgbà yóò wọ̀ jókòó síbẹ̀.

"Tó o bá wá yọ òróró yẹn kúrò," Màmá wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, "àdúrà ibẹ̀ ńkọ́?"

Mofolúwakẹ́ dáwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó bi í nírú ìbéèrè yẹn rí.

"Màmá, mi ò lè purọ́ fún yín, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní fọ̀ ọ́ dànù. Mo máa fà á jáde ni. Ibi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó lọ, ẹ̀yin lẹ máa sọ."

Màmá sún kúrò níwájú àga náà. "Ó dáa. Fà á."

Wọ́n gbé e síta, wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ kí oòrùn lè pa àbàwọ́n náà. Òróró tó bá gbóná a máa ṣàn. Èyí tó bá tutù a máa dì mọ́ òwú. Lẹ́yìn náà ni Mofolúwakẹ́ bu sítáàṣì ẹ̀gẹ́, irú èyí tí à ń fi sí aṣọ, tó ti gbẹ tó sì kúnná, ó wọ́n ọn bò ó. Ìyẹ̀fun gbígbẹ a máa mu òróró bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń mu omi.

"Ẹ wá wò ó, Màmá."

Sítáàṣì funfun ti di pupa rúsúrúsú. Màmá fi ìka ra á wò, ó ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Yéè! Òróró ni lóòótọ́!"

Mofolúwakẹ́ gbọn ọ́n sínú àwo, ó da òmíràn sí i, títí èyí tó dà kẹ́yìn fi wà ní funfun rẹ̀. Ó wá po ọṣẹ títí ó fi hó, ó fi aṣọ bu ìfófòó rẹ̀ nìkan, ó ń nu ún láti etí bọ̀ sí àárín kó má baà fa ìlà. Kò jẹ́ kí omi wọnú tìmùtìmù, nítorí èyí tó bá mu omi síkùn, rírùn ló máa ń rùn.

Màmá gbé àwo náà, ó sì da ohun inú rẹ̀ sí ojú ọ̀nà àbáwọlé.

Lọ́jọ́ kejì, Mofolúwakẹ́ ti padà wá wò ó bóyá àga ti gbẹ nígbà tí Alàgbà fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

"Ta ló da láfún sílẹ̀ báyìí? Ṣé ẹ fẹ́ rò mí lọ́kà ni?"

"Òróró Wòlíì ni, Bàbá Ẹ̀bùn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé."

"Òróró? Láti ìgbà wo ni òróró ti di láfún?" Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ẹ́.

Ó jókòó, ó fẹ̀yìn tì, ó mí kanlẹ̀. Ibẹ̀ ló wà títí àwọn ará ìjọ fi dé, tí wọ́n dá orin ọpẹ́, tí òun náà sì fi ọ̀pá dìde. Màmá ò tíì gbe orin. Ó yí lọ sí ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ́ sùtánà náà, ó wò ó láti ọrùn dé ìdí. Funfun báláú ni. Ìgbà náà ló tó lanu, ohùn rẹ̀ sì bo ti gbogbo ilé.

Nígbà tí èrò tú, ó fa Mofolúwakẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Lọ́jọ́ Ajé, wá bá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì l'Ókukù. Àga Wòlíì fúnra wọn dúdú ju eléyìí lọ. Mú sítáàṣì tó pọ̀ dání o."