Igbe Orin Kẹta

Bó bá jẹ́ pé ariwo ni iyì, ẹgbẹ́ Òkú Ń Bínú ì bá ti joyè tipẹ́. Orin mẹ́tàlì ni wọ́n ń kọ, irú èyí tí gìtá máa ń han bí ẹlẹ́dẹ̀, tí olórin á máa bú bí ẹni tí egungun há lọ́fun. Kásẹ́ẹ̀tì kan péré ni wọ́n gbé jáde. Ìyá onílù wọn gba ẹ̀dà mẹ́ta, kò gbọ́ ọ̀kankan tán.

Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, olórin wọn, Ọ̀fun Irin, ti di ṣúmékà nínú yàrá kan náà tí wọ́n ti gba orin ọ̀hún sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan wọlé, aṣọ dúdú lọ́rùn àwọn méjèèjì.

"Baba, igbe orin kẹta yẹn ló yí ayé wa padà! A fẹ́ tún un gbé jáde lórí àwo. Ojú yín ló máa wà lára páálí ẹ̀."

Inú Ọ̀fun Irin dùn dé àtàǹpàkò. Láti ọjọ́ tó ti ń rán bàtà, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń nà sí i. Ta ló wo ojú ẹ̀ rí? Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun kọ́ lòun ké igbe yẹn. Wẹ́dà ẹ̀yìn ògiri ló tan ẹ̀rọ tó fi ń gé irin lọ́jọ́ tí wọ́n gba orin náà sílẹ̀. Ikọ́ ni òun ń wú ní tòun.

"Èmi ni," ló wí. "Láti ìsàlẹ̀ ikùn ni mo ti fà á."

Ìyàwó ẹ̀ tó ń to bàtà gbójú sókè. "Ìsàlẹ̀ ikùn tí kì í jẹ́ kí n sùn yẹn?"

"Ìyá àwọn ọmọ, jọ̀ọ́ o."

Ọmọbìnrin náà na maíkì sí i. "Baba, ẹ ké díẹ̀ fún wa."

Àgbàbọ̀ ṣòkòtò, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Ọ̀fun Irin mí kanlẹ̀, ó lanu. Ohun tó jáde dà bíi ti ewúrẹ́ tó gbé ọ̀rá mì. Kó tó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, wẹ́dà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn ògiri: wììììn, gbàràrà!

"Òun nìyẹn!" Ọmọbìnrin bú sẹ́kún. Wọ́n gbé maíkì, ó di ọ̀dọ̀ wẹ́dà. Ọ̀fun Irin ń sáré tẹ̀lé wọn.

"Èmi ni mo ní kó máa tan án!"

"Ìwọ kẹ̀?" ni wẹ́dà wí. "Ìwọ tó o wá bú mi pé mò ń ba orin jẹ́?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹríba fún wẹ́dà. "Baba, ta ló kọ́ yín?"

"Ta ló kọ́ mi ní kí ni? Géètì ni mò ń ṣe."

"Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀!" Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò, Ọ̀fun Irin rọra yọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wẹ́dà.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún. Ẹ ń dí iná tó ń ta lára irin," ni ọmọbìnrin náà wí fún un.

"Àbí kó bá mi di ẹ̀yìn géètì mú, kí géètì má baà mì," ni wẹ́dà wí.

Ó dì í mú.

Nígbà tí àwo náà jáde, ìyàwó Ọ̀fun Irin ló kan páálí ẹ̀ mọ́ ògiri ìsọ̀. Bí oníbàárà bá dé, á nawọ́ sí ìka mẹ́rin tó yọ létí géètì inú fọ́tò náà: "Ọkọ mi rèé. Ojú ẹ̀ wà lẹ́yìn géètì."