Sípíkà Ẹ̀yìn

IWÁJÚ, ÒSÌ

…tí orin sì ń lọ, ṣùgbọ́n ohùn ọkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Agnes tún fi orin náà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ògúnsànyà, ọkọ rẹ̀, fúnra rẹ̀ ló gba orin náà sílẹ̀, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, kó tó kú. Ó to máíkì yí wọn ká. Agnes àti àwọn ọmọ wà níwájú. Òun dúró lẹ́yìn.

Sípíkà mẹ́fà ló wà ní pálọ̀ wọn ní Ìkòròdú. Méjì tó wà níwájú nìkan ló ń kọrin.


IWÁJÚ, Ọ̀TÚN

TẸNIỌLÁ (àbúrò ọkọ rẹ̀, nínú àtẹ̀jíṣẹ́ láti Ẹ̀pẹ́): Ìyàwó wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ẹ̀pẹ́ níbí ni ká sin òun sí. Ẹ̀yìn yín ló dúró sí tó ń sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ orin yẹn. Ẹ lọ gbọ́ ọ.

AGNES: Àǹtí, bí mo bá gbọ́ ọ, ẹ wá gbé e. Bí n kò bá gbọ́, ọ̀dọ̀ mi ni yóò sùn.

TẸNIỌLÁ: A gbà.


ÀÁRÍN

MUJEEB (tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Agric, lórí fóònù): Mọ́mì, iná pupa wà lẹ́nu wáyà tó ti kọ̀ǹpútà lọ sí ampilifáyà?

AGNES: Ó wà.

MUJEEB: Ẹ tẹ bọ́tìnì ìdánwò lára ampilifáyà.

AGNES: Gbogbo wọn ń hó ṣìì. Àwọn tẹ̀yìn náà.

MUJEEB: Sípíkà ò kú nìyẹn.

AGNES: Sípíkà ò kú. Iná ń tàn. Orin wà nínú kọ̀ǹpútà. Ibo ló wá sọnù sí?

MUJEEB: Wáyà yẹn ni, ma. Bí wọ́n bá tú ohùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, méjì péré ló ń gbà. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀. Ẹ ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń di bẹ́ẹ̀lì òkìríkà. Ampilifáyà á tú u.


ÌSÀLẸ̀

Kò yé e. Bí wọ́n bá di ohùn pọ̀, ṣé kò ní fún un pa?

Ó fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀.

Kò fẹ́ kó sọ ohunkóhun.


Ẹ̀YÌN, Ọ̀TÚN

Ó tẹ ibi tí Mujeeb ní kó tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kó lè di ohùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀.


Ẹ̀YÌN, ÒSÌ

Ohùn ọkọ rẹ̀ jáde lẹ́yìn rẹ̀, nítòsí etí. Agnes kò yíjú.

"Tẹniọlá, ọ̀dọ̀ yín níbí ni kí ẹ sin mí sí. Má tíì sọ fún Agnes. Jẹ́ kó kọrin rẹ̀ tán."

Níwájú, ohùn Agnes nínú orin gòkè sí i.

Fóònù gbọ̀n.

TẸNIỌLÁ: Ìyàwó wa, ṣé ó ti sọ̀rọ̀?

AGNES (ó ń tẹ̀ ẹ́, kò tíì fi í ránṣẹ́): Àǹtí, àwọn sípíkà ẹ̀yìn kò sọ…