Ẹja Tó Pàwọ̀ Dà

Ẹja àrọ̀ náà dúdú bí kóró iṣin nígbà tí ìdílé Moshood wà ní Bàrígà. Ìyá Moshood ló rà á nígbà tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, tó ń bọ́ ọ nínú àpótí gíláàsì títí ọlọ́jọ́ fi dé. Lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, Moshood kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹja yìí. Ìgbà tí iṣẹ́ gbé e lọ sí Dùbáì ló tó fà á lé Faridah, ìyàwó rẹ̀, lọ́wọ́.

Kò pẹ́ sí i ni onílé ta ilé. Faridah rí yàrá kan ní Ṣómólú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn atẹ̀wé. Níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù ni àpótí gíláàsì ti là nísàlẹ̀. Ó gbé ẹja sínú bàsíà, ó sáré lọ ra àpótí tuntun ní Fádèyí. Inú rẹ̀ funfun báláú, iná sì ń tàn yòò lórí rẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, àwọ̀ ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Ẹ̀yìn rẹ̀ di eérú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ṣe funfun-funfun bí ara ẹni tí omi gbígbóná bó. Faridah pa iná. Ó pààrọ̀ omi. Ó bu iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹja ń jẹun, kò kú, ṣùgbọ́n kò dúdú.

Ó padà lọ bá Ràsákì tó ta àpótí fún un.

"Àǹtí, ibi tí ẹja àrọ̀ bá wà ló máa ń fi àwọ̀ jọ," ni Ràsákì wí. "Ìpayà ibi tuntun sì tún wà lára rẹ̀. Ẹ tẹ́ òkúta dúdú sí ìsàlẹ̀."

"Ṣé á padà bọ̀ sípò?"

"Òmíràn máa ń padà, òmíràn kì í padà. Mi ò lè tàn yín."

Gbogbo ìgbà tí Moshood bá pè láti Dùbáì, tó ní òun fẹ́ rí ẹja, Faridah a ní iná ò sí. Nígbà tó yá, kò rí àwáwí mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó gbé fóònù sún mọ́ gíláàsì. Moshood wò ó títí.

"Èyí kọ́ ni ẹja ìyá mi."

"Òun ni, ọkọ mi. Ó pàwọ̀ dà ni."

"Bó bá kú, sọ pé ó kú. Má ra òmíràn kí o fi tàn mí."

"Mo fi Ọlọ́run búra. Ẹ wo irùngbọ̀n rẹ̀ tó ti gé lápá òsì láti Bàrígà."

"Ta ni ò lè gé irùngbọ̀n ẹja? Faridah, tó o bá lè pa irú irọ́ yìí, kí ló kù tí mi ò tíì mọ̀?"

Ó pa fóònù.

Faridah jókòó. Kò sẹ́ni tó lè bá a jẹ́rìí. Àwọn ará ilé Bàrígà ti fọ́n ká.

Moshood ṣì ń pè. Á béèrè àlàáfíà Faridah, á béèrè omi àti iná, kò sì béèrè ẹja mọ́. Ohùn rẹ̀ ti tutù bí ti àlejò. Lẹ́yìn tí òkúta dúdú tí Faridah tẹ́ ti pẹ́ díẹ̀ nínú omi, ẹ̀yìn ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Inú Faridah kọ́kọ́ dùn, ó ti fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ó wá rò ó wò: bó bá dúdú tán, Moshood á ní ó ti tún ra òmíràn ni. Ó fi fóònù sílẹ̀, ó ń wo ẹja bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀.