Orúkọ Tó Ṣíwájú

Bí a ti to ayé ni a bá a. Oòrùn ní ìgbà tirẹ̀, òṣùpá ní tirẹ̀, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé odò ni í pọn omi tó tòrò. Àwọn àgbà kì í fi ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí ṣeré, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí ẹni ẹ̀yìn bá ré ẹni iwájú kọjá, ohun kan wà nínú ọmọ ènìyàn tí í jí dìde, tí kì í sì í tètè sùn padà. Ohun náà ń gbé nínú ilé olórogún, ó ń gbé nínú ààfin. Ó ń gbé pẹ̀lú nínú yàrá ìwádìí kan ní ìlú Tainan, níbi tí wọ́n ti ń fi awò amúǹkantóbi wo àwọn sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ wẹ́wẹ́ tí a fi mọ ara gbogbo ohun alààyè.

Nínú yàrá náà, ọdún tí ènìyàn wọlé ni wọ́n fi ń mọ àgbà. Chiu Man-li ti lo ọdún mẹ́fà, ó sì wà nínú èkeje. Òun ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Ẹ̀gbọ́n.

“Orúkọ Hsin-ju ni yóò ṣíwájú,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Liao, olórí yàrá náà, wí níbi ìpàdé ọjọ́ Ajé, láìgbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà rẹ̀. “Man-li ni yóò tẹ̀lé e. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni a ó fi àpilẹ̀kọ ìwádìí náà ránṣẹ́ fún títẹ̀.”

Po-jui, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tó ń fa tíì oníwàrà mu, dá a dúró sí ẹnu. Wen Hsin-ju, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlélógún tí kò tíì lò ju ọdún kan ààbọ̀ lọ láàárín wọn, dìde ní ìlàjì.

“Olùkọ́, Ẹ̀gbọ́n Man-li ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Èmi kàn—”

“Àwo mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló tàn fún ọ,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. “Man-li, láti ọdún mẹ́rin, mélòó ló ń tàn fún ìwọ?”

“Mẹ́ta, Olùkọ́.”

“Ṣé o rí i? Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́, àwo ló sọ ọ́. Hsin-ju, ṣe ọgbọ̀n àwo sí i, kí ọ̀rọ̀ wa lè ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró. Ṣé o ti jẹun láàárọ̀ yìí?”

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò ṣòro láti sọ. Wọ́n ní omi oògùn kan tí wọ́n sọ ní Ìránṣẹ́. Wọn a kán an sórí sẹ́ẹ̀lì awọ ara nínú àwo pẹlẹbẹ. Bí sẹ́ẹ̀lì bá gbọ́ iṣẹ́ tí a rán sí i, yóò tàn lábẹ́ awò, yóò sọ fún èkejì rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yóò sì máa ti ọ̀kan dé ọ̀kan bí ìròyìn ikú ṣe ń ti ilé dé ilé. Ohun tó ṣòro ni òfin ilé ẹ̀kọ́: ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò ṣíwájú lórí àpilẹ̀kọ kan, ó kéré tán, kò lè gba oyè ọ̀mọ̀wé, ẹni tí ọdún keje bá sì parí mọ́ lórí, wọn a pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Oṣù keje ni ọdún Man-li yóò parí. Oṣù kẹrin ni wọ́n wà yìí. Ìyá rẹ̀, tó ń gbin máńgòrò ní Yujing, ti sọ fún gbogbo ẹbí pé ọdún yìí ni.

Láti ọjọ́ náà ni Man-li kò ti lè gbé ojú kúrò lára ọmọ náà. Ó ń wo ife rẹ̀ tí wọ́n ya ológbò sí lára. Ó ń gbọ́ orin tó ń kùn sínú bó ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tó dùn ún jù kò tó nǹkan rárá: ọdún méje, Olùkọ́ kò bi òun rí bóyá òun ti jẹun. Ó ń wo ọwọ́ Hsin-ju pẹ̀lú. Àwọn òbí ọmọ náà ń ta tíì ní Fengshan, láti kékeré ló sì ti ń da tíì sínú ife fún oníbàárà tó ń kánjú. Bó bá gbé ọ̀pá ìfami tí wọ́n fi ń kán oògùn, kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ti tú omi inú rẹ̀ dà fìà. Man-li kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kán-ẹ̀kán ni tirẹ̀, bí ẹni tó ń kán oògùn sójú ọmọ jòjòló.

“Ẹ̀gbọ́n, ojú yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ẹ̀yìn ọmọ yẹn já,” ni Po-jui wí nígbà tí àwọn méjèèjì jọ ń jẹ núdù ní ìsàlẹ̀ ilé.

“Jẹ núdù rẹ.”

“Mò ń jẹ tèmi. Tiyín ló ti tutù.”

“Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà,” ni Man-li wí, “kò lè lákìísà bí àgbà.”

“Òótọ́ ọ̀rọ̀. Àmọ́ wọn kì í fi àkísà gba oyè, Ẹ̀gbọ́n.”

Lórí awò tí Hsin-ju ń lò, bó ti wà lórí gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú ilé náà, ọ̀rá ìpápánu aláwọ̀ ewé kan jókòó, tí wọ́n ń pè ní Guai-guai, ìyẹn “gbọ́ràn”, kí ẹ̀rọ lè máa gbọ́ràn. Ẹni tó ti kàwé dé ibi tí wọ́n kà á dé kò ní sọ pé òun gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́. Kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò. A kì í jẹ ẹ́, a kì í jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni aláwọ̀ ìyeyè kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, nítorí ewé ni ìlọsíwájú, ìyeyè sì ni ìdádúró. Hsin-ju ti fi gègé kọ ọ̀rọ̀ sára tirẹ̀ pé: “Awò mi, jọ̀ọ́, ràn mí lọ́wọ́. Hsin-ju.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí gbogbo wọn lọ jẹun, Man-li ra aláwọ̀ ìyeyè kan ní ìsọ̀ ìkọ̀rọ̀. Ó da ọ̀rọ̀ náà kọ sí i lára, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì, títí ó fi jọ ti ọmọ náà gẹ́lẹ́. Ó gbé e sórí awò, ó sì ti aláwọ̀ ewé bọ inú àpò ara rẹ̀.

Nígbà tí Hsin-ju dé, ó gbé ọ̀rá náà, ó yí i síwá sẹ́yìn.

“Ta ló gbé èyí síbí?”

“Bóyá awò ló pààrọ̀ aṣọ,” ni Po-jui wí.

“Ẹ má fi ṣeré, Ẹ̀gbọ́n Po-jui. Wọ́n da ọwọ́ ìkọ̀wé mi kọ. Ẹni tó ṣe é mọ̀ mí dáadáa.”

“Lọ ra òmíràn, kí o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ,” ni Man-li dáhùn láti ìdí tábìlì rẹ̀. “Ọ̀rá lásán ni.”

Hsin-ju ra òmíràn. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ti wọ ọwọ́ rẹ̀. Kò kùn orin mọ́. Ó ń rọra kán omi sínú àwo bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹni tó ń sùn. Ní Ọjọ́rú, nínú àwo mẹ́wàá, méjì ló tàn. Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí Man-li gbọ́, ìdùnnú kan bá a tó gbóná bí omi ọbẹ̀ ẹran tí wọ́n ń mu láàárọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì lè wò lójú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọmọ náà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó tì mí. Ẹ bá mi wo ohun tí mò ń ṣe tí kò tọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́.”

Man-li jókòó tì í. Hsin-ju sé èémí, ó gbé ọ̀pá ìfami, ó ń kán an lẹ́kán-ẹ̀kán. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Man-li ń wò yìí, bí ẹni pé wọ́n yọ ọ́ lára rẹ̀, wọ́n sì so ó mọ́ ẹlòmíràn. Ọwọ́ ti yí padà, iye àwo tó ń tàn sì bá a yí.

“Omi lásán ńkọ́?” ló béèrè. “Omi tí kò ní Ìránṣẹ́ nínú rárá. Ṣé o ti fi dán an wò rí?”

“Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ti ṣe é lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó wà nínú ìwé yín pé ọ̀kan péré ló tàn. Ta ni mí tí n ó tún iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ṣe, bí ẹni pé mo ní ẹ parọ́?”

Nígbà tí ọmọ náà lọ jẹun ọ̀sán, Man-li kó àwo mẹ́wàá jáde. Ó fa omi lásán, ó sì tú u dà fìà bí ọwọ́ onítíì ti Fengshan. Gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló tàn. Ó kó mẹ́wàá mìíràn, ó fi Ìránṣẹ́ sí i, ó kán an jẹ́jẹ́. Méjì. Ó wá jókòó. Kì í ṣe Ìránṣẹ́ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ń dá lóhùn láti ọdún mẹ́rin wá. Omi tó ń gbá wọn lára ni wọ́n ń gbọ́. Òun tí í ṣe ẹlẹ́sọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Ọmọ tó ń kánjú ló jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Ó kó àwòrán àwọn àwo náà lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Liao. Ọkùnrin náà wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀.

“Ọdún mẹ́rin,” ló wí níkẹyìn. “Ìránṣẹ́ wa kò jíṣẹ́ kankan.” Ó tún mú àwòrán kan. “Ṣùgbọ́n dúró ná. Ọmọ yìí mú mẹ́sàn-án wá fún mi lóṣù tó kọjá. Lọ́sẹ̀ yìí, ó mú méjì wá, ó mú ọ̀kan. Ọwọ́ ènìyàn kì í ṣàdédé yí padà láàárín ọjọ́ kan. Mẹ́sàn-án yẹn, irọ́ ló pa.”

“Olùkọ́—”

“Mo ti rí irú wọn. Lọ́jọ́ Ajé, yóò kó ẹrù rẹ̀. Àpilẹ̀kọ tuntun tí a ó kọ nípa omi yìí, ìwọ lo rí i, orúkọ tìrẹ ni yóò ṣíwájú. Bí a bá ṣe wéré, wọ́n lè gbà á kí oṣù keje tó dé.”

Ohun gbogbo tí Man-li ti ń wá fún ọdún méje ti wà nínú àwo níwájú rẹ̀. Kó ṣáà pa ẹnu rẹ̀ mọ́ ni. Kò tilẹ̀ ní parọ́. Olùkọ́ ti fi ẹnu ara rẹ̀ dá ọmọ náà lẹ́bi. Ó gbọ́ bí àwọn alùpùpù ṣe ń kọjá ní òpópónà. Ó rántí ojú tó wú náà, àti ẹnu tó sọ pé: ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́.

“Kò parọ́, Olùkọ́,” ló wí. “Ẹ̀rù ló ba ọwọ́ rẹ̀. Èmi ni mo dẹ́rù bà á.”

“Báwo?”

“Ọ̀rá ìyeyè ni mo gbé sórí awò rẹ̀. Mo da ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ sí i lára. Láti ìgbà náà ló ti ń kán omi bí èmi ṣe ń kán an. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo rí.”

“Ìwọ? Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, lò ń fi ọ̀rá ìpápánu bá ọmọdé jà? Nítorí kí ni?”

“Nítorí ẹ máa ń bi í bóyá ó ti jẹun.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n Liao pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé.

“Ṣé o mọ̀ pé pẹ̀lú ohun tí o sọ yìí, n kò lè fi orúkọ rẹ ṣíwájú mọ́?”

“Mo mọ̀.”

“Lọ sọ fún un fúnra rẹ, kí n tó pè é.”

Ó bá Hsin-ju níbi tó ti ń fọ ìgò, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Ọmọ náà kò yíjú sí i.

“Ẹ̀gbọ́n Po-jui ni mo rò pé ó ṣe é,” ló wí. “Ì bá sàn kó jẹ́ òun.” Ó fọ ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó sì mú òmíràn.

Oṣù mọ́kànlá ni wọ́n fi kọ àpilẹ̀kọ nípa omi náà. Orúkọ Hsin-ju ló ṣíwájú. Ti Po-jui tẹ̀lé e, nítorí òun ló ṣe ẹ̀rọ tó ń ti omi ní ìwọ̀n kan náà, kí èsì má ba à sinmi lé ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ti Man-li ni ìkẹta. Po-jui gba oyè, ó sì lọ ṣiṣẹ́ ní Hsinchu, níbi tó ti sanra. Ọ̀jọ̀gbọ́n Liao ṣòfin nínú yàrá rẹ̀ pé kò sí àgbà, kò sí ọmọdé, ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi omi lásán dán an wò lọ́wọ́ ara rẹ̀. Hsin-ju lọ kàwé sí i ní Taipei. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń kọ ìlà kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí Man-li lọ́dọọdún: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọdún.”

Ní oṣù keje, kí àpilẹ̀kọ náà tó parí, wọ́n ti pa orúkọ Man-li rẹ́ nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́. Ó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ láàárín oko máńgòrò. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, ó ní kó bá òun gbé àpótí tó wà nílẹ̀ yẹn. Man-li ń ṣiṣẹ́ báyìí ní etíkun Budai, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹja inú adágún wò fún àrùn; àwọn ẹlẹ́ja ń pè é ní Dókítà, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ láti máa sọ fún wọn pé òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Owú náà kò kú. Ní ọdún tó kọjá, ó rí iṣẹ́ tuntun kan tí orúkọ Wen Hsin-ju ṣíwájú lórí rẹ̀, ó sì ta á láyà bí ti àtijọ́. Ó kà á títí dé òpin. Ó rí àṣìṣe kan nínú àwòrán kẹta, ó sì kọ lẹ́tà sí Hsin-ju lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹlòmíràn tó rí i.