Kọ́tìnì Àgò Juno

"Má fọwọ́ kàn án mọ́, ọmọ! Jẹ́ kó fara balẹ̀ ná."

Ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu adájọ́ ìdíje ológbò tí Juno fi fa ọwọ́ Thea ya láti ọrùn ọwọ́ dé àtàǹpàkò. Ológbò tó máa ń sùn sí èjìká rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́ ló wá di ẹkùn nínú àgò yìí. Gbogbo irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ yòókù gbá ológbò tiwọn mọ́ àyà, wọ́n ń wòran.

Ìyáàfin Pruitt, adájọ́ náà, mi orí. "Mo ní láti yẹ etí wò, kí n yẹ èékánná wò, kí n tẹ ikùn. Ológbò tí mi ò lè fọwọ́ kàn, kí ni mo fẹ́ fún un? Tó o bá mọ ohun tó dẹ́rù bà á, wá bá mi kí n tó parí ìlà yìí, màá tún un wò."

Thea, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, gbé àgò náà lọ sí igun, omi ń dà lójú rẹ̀. Rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ oríṣiríṣi tí wọ́n fi ń dá àwọn tó borí lọ́lá nìkan kọ́ ló ń sunkún fún. Inú koríko gbígbẹ abà màlúù ni wọ́n bí Juno sí, bàbá Thea ò sì gbà kí ológbò wọlé. "Eku ni ká jẹ́ kó máa pa," ni bàbá máa ń wí. Nígbà òtútù tó kọjá, arábìnrin Juno gan kú sínú yìnyín lẹ́nu ọ̀nà abà. Thea sunkún títí bàbá fi bá a ṣe àdéhùn: tí Juno bá gba rìbọ́ọ̀nù níbi ìpàtẹ ọdún yìí, àwọ̀ yòówù kó jẹ́, inú ilé ni yóò máa sùn. Bí kò bá gbà á, abà ni. Bàbá rẹ̀ kì í sì í yí ọ̀rọ̀ padà, ìbáà ṣe sí rere, ìbáà ṣe sí búburú.

Bridie tọ̀ ọ́ wá. Láti jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ wẹ Juno lánàá.

"Pẹ̀lẹ́ o. Ó lè jẹ́ ariwo ló bà á lẹ́rù."

"Juno wo? Èyí tó máa ń sùn sórí katakata tó ń dún?"

"Ṣó o rí i, ológbò abà lológbò abà á máa jẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ta Thea lára. Ó ń tú kọ́tìnì àgò kí atẹ́gùn lè wọlé. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ń fi kọ́tìnì ṣe àgò lọ́ṣọ̀ọ́ lọ́jọ́ ìpàtẹ, Bridie ló sì rán ti Juno, tó mú un wá láàárọ̀, tó fọwọ́ ara rẹ̀ so ó. Bí Thea ṣe gbé e sún mọ́ imú, òórùn ajá ló gbọ́. Ó yí i padà. Irun pupa kúkúrú kún inú rẹ̀.

Irun Duke ni, ajá ilé Bridie. Duke yìí ló há Juno mọ́ abẹ́ pèpéle kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, díẹ̀ ló kù kó fà á ya. Thea àti Bridie nìkan ló wà níbẹ̀, Thea ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, torí Bridie bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n má bàa lé ajá náà lọ. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

"Bridie, Duke ló sùn sórí aṣọ yìí. Ìwọ nìkan lo mọ̀ pé Juno ń bẹ̀rù ẹ̀!"

Bridie wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìgbà ìdíje ehoro, ìwọ lo gba rìbọ́ọ̀nù. Ìgbà adìẹ, ìwọ náà ni. Èmi á kàn máa pàtẹ́wọ́. Rìbọ́ọ̀nù lásán ni, Thea, má sọ ọ́. Ṣé torí ológbò la máa jà?"

Ó dun Thea wọ egungun. Àmọ́ tó bá dákẹ́, Juno ni yóò sun inú yìnyín. Ó ká aṣọ náà, ó lọ bá adájọ́.

"Mo ti rí ìdí ẹ̀, mà. Òórùn ajá tó fẹ́ pa á ló wà lára kọ́tìnì yìí. Bridie ló mú un wá, ó sì mọ̀."

"Irọ́ ni, mà!" Bridie ti sáré tẹ̀lé e. "Mi ò rí aṣọ yẹn rí."

Thea wò ó. Ó dà bíi pé ẹlòmíràn ló gbé ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ̀. Kò bá a jiyàn. Ó lọ síbi àgò Bridie, níbi tí Mabel, ológbò wọn tó sanra, jókòó sí, ó sì na aṣọ náà sí i láàárín irin. Inú apẹ̀rẹ̀ kan náà ni Mabel àti Duke ń sùn. Mabel gbóòórùn aṣọ, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nù ún, ó fà á wọlé, ó sì ká jọ sórí rẹ̀. Ó ń kùn bí ẹni tó délé.

Ìyáàfin Pruitt wo Mabel, ó wo Bridie, ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Lọ gbé Juno wá kí n tún un wò," ó wí fún Thea. "Fi àgò yẹn sílẹ̀."

Juno ki ojú bọ ọrùn Thea bí wọ́n ti ń bọ̀, ara rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n díẹ̀. Bridie dúró lójú ọ̀nà, ó ń sunkún. Ó na ọwọ́ láti họ Juno lẹ́yìn etí, bó ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ológbò.

Thea yí èjìká sápá kejì, ó sì kọjá lọ bá adájọ́.