Ìdáhùn Káfíńtà Nípa Abẹ́rẹ́

“A dúró, a dúró, mà, a ò rí nọ́ọ̀sì kankan.”

Káfíńtà náà ti ṣí fìlà, ó dì í mú sáyà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, dúró tì í. Àrùn yírunyírun tó jà lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn kò pa ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó gbé etí rẹ̀ méjèèjì lọ. Lẹ́tà tí yóò fi wọ ilé ìwé àwọn adití ni bàbá rẹ̀ wá gbà ní ọ́fíìsì ìlera.

Akọ̀wé ọ́fíìsì náà fa fáìlì òpópónà wọn yọ. Ìkọ̀wé ara rẹ̀ ló bá níbẹ̀: *Wọ́n kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́.*

Ó rántí ọjọ́ tó lọ kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́ ní òpópónà náà. Àsíá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn tí kò fẹ́ àyípadà, èyí tí wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pè ní Bó-ṣe-wà-kó-wà, ló kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà káfíńtà. Ní ọ́fíìsì, wọ́n ti fi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà rẹ́rìn-ín tó: ẹni tó bá dìbò fún Bó-ṣe-wà, àdúrà nìkan loògùn rẹ̀. Kò tiẹ̀ jókòó. Ó béèrè bóyá wọn yóò gba abẹ́rẹ́, káfíńtà ní, “Bí Ọlọ́run bá fẹ́.” Etí pálábá ló fi gbọ́ ìyókù. Ó sàmì sí “kọ̀”. Òun tí kì í dágbére fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù láìsọ gbólóhùn yẹn! Ilé mọ́kànlá ló sàmì sí bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá yọ òpópónà náà kúrò nínú èyí tí nọ́ọ̀sì yóò dé.

Ó lè sọ pé ọkọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ló bàjẹ́. Irọ́ náà ti dé ètè rẹ̀, ojú sì tì í.

“Bọ̀dá, èmi ni mo kọ ọ́ pé ẹ kọ̀.”

“Èmi kọ̀? Àǹtí, ìyá ẹ̀ mà ti ra bisikíìtì tá a máa fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún tẹ́ ẹ bá gún un tán.”

Akọ̀wé yí tábìlì ká, ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ náà.

“Má bínú, ìyá mi. Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́.”

Ọmọ náà tẹjú mọ́ ètè rẹ̀, kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀ kó bá òun fọwọ́ ṣàpèjúwe ohun tí obìnrin yìí ń wí.

Káfíńtà káwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, kò túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un.